Màmá Ẹni Ọdún Mẹ́tàlélọ́gọ́rin Tó Wà Lára Ìgò

Wọ́n ní obìnrin kan wà ní Orílé Agége tó máa ń bọ́ awọ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún bí ejò. Wọ́n ní omi èèpo àlùbọ́sà ló ń mu ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ikú fi máa ń gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá láìkí i. Nígbà tí ìròyìn náà kúrò ní Orílé, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni obìnrin yìí. Nígbà tó fi dé Ìjú, ó ti pé ọgọ́fà ọdún. Nígbà tó máa fi balẹ̀ sí Ìyànà Ìpájà, ìyá náà ti wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń to irin rélùwéè àkọ́kọ́, òun gan-an ló sì ń bu omi fún àwọn tó ń lu irin. Ọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Ìkẹjà búra pé òun fojú òun rí awọ tó bọ́ lọ́dún tó kọjá: wọ́n ká a bí ẹní, wọ́n fi rọ́bà dè é, wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Irọ́ ni o. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Bí èèyàn bá fara balẹ̀ ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì yìí, á rí i pé obìnrin náà wà lóòótọ́. Uswat lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, yàrá kan ló ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rélùwéè. Awọ rẹ̀ ń bó lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló ń bó, láti ọrùn ọwọ́ dé orí èékánná, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀sẹ̀ kan kì í lọ kó má bó. Ó sì ń mu omi èèpo àlùbọ́sà lóòótọ́, nítorí pé tíì tí wọ́n ń pín níbi iṣẹ́ rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ gidi nìkan ló wà fún. Ẹni tí kì í bá ṣe òṣìṣẹ́ gidi á se ohun tó bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mu. Ti ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin nìkan ló kù, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Adùnọbẹ̀ ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Oregun. Èròjà ọbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Tírélà á kó àlùbọ́sà wá láti Sókótó, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi kẹ́míkà kí èèpo rẹ̀ lè rọ̀, ogójì obìnrin á jókòó lórí àpótí, wọ́n á máa bó o, ẹ̀rọ á gé e, iná á mú un gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́. Omijé tí àwọn ogójì obìnrin yìí ti sun níbẹ̀, bí ìjọba bá ri páìpù sí i, gbogbo Omole, ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì, kò ní í gbẹ́ kànga mọ́. Ọ̀gá tó ni kọ́mpìnnì máa ń mú àlejò wá wò wọ́n. Á ní, "Àwọn òṣìṣẹ́ mi rèé. Wọ́n fẹ́ràn iṣẹ́ yìí débi pé ẹkún ayọ̀ ni wọ́n ń sun láti àárọ̀ dalẹ́."

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni Uswat nígbà tó débẹ̀. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ti sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé òun ń lọ ra òwú ní Kútọnu. Òwú náà gùn. Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún báyìí tí ọkùnrin náà ti ń fà á, kò tíì rí orí rẹ̀. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti mọ́kàndínlógún, ẹni tó bá mọ ìṣirò á ti mọ ọdún tí Uswat jẹ́: mẹ́rìndínláàádọ́ta, kò lé, kò dín.

Kásúà ni. Ohun tí wọ́n ń pè ní kásúà ní Adùnọbẹ̀ rèé: láàárọ̀, Shuaib tó ń ṣọ́ géètì á fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ gbogbo ogójì obìnrin sínú ìwé kan; nírọ̀lẹ́, á fi rọ́bà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà lè dúró níwájú adájọ́ lọ́jọ́ kan kó ní òun ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ. Ojú ìwé náà ti fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn lè rí ojú Shuaib láti ẹ̀yìn rẹ̀. Lójú òfin, ọjọ́ kan ṣoṣo ni Uswat ti fi ṣiṣẹ́ ní Adùnọbẹ̀ láyé rẹ̀, òní ni. Lọ́la, òní náà ni.

Àwọn òṣìṣẹ́ gidi, bírò ni wọ́n fi kọ orúkọ tiwọn. Wọ́n ní ìwé ńlá aláwọ̀ búlúù kan tó ń gbé nínú ọ́fíìsì Màdáámù Stella, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Bí àwọn yẹn bá ṣàìsàn, kọ́mpìnnì á tọ́jú wọn. Bí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á rí nǹkan mú dání lọ sílé. Kò sí ohun mìíràn tí Uswat ń tọrọ lórí ìrun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run fún ọmọ, fún ilé, fún kí ìyá ọkọ kú. Òun, bírò ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹnì kan tó kàwé wá sọ fún ọ̀gá pé ìdọ̀tí tó ń dà sẹ́yìn ògiri, wúrà ni. Ó ní ohun kan wà tí igi àti ewéko ń ṣe fúnra wọn láti fi gba ara wọn lọ́wọ́ oòrùn àti kòkòrò, àwọn onímọ̀ ń pè é ní kuasẹ́tìnì. Ó wà nínú ewé tíì, ó wà nínú ápù, ó wà nínú ẹ̀fọ́ tí à ń jẹ, ṣùgbọ́n àlùbọ́sà ló fi ṣe ilé, èèpo gbígbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì pọ̀ sí jù, èyí tí gbogbo ayé ń bó dànù. Òun ló ń jẹ́ kí omi èèpo àlùbọ́sà pọ́n bí idẹ. Bí èèyàn bá ri aṣọ funfun sínú rẹ̀, á gba àwọ̀, ọṣẹ kò sì ní í rí i ṣe. Àwọn onímọ̀ ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n fẹ́ mọ oore tó lè ṣe lára èèyàn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé ó ń sọ arúgbó di ọ̀dọ́.

Rótìmí ló sọ bẹ́ẹ̀. Olúwarótìmí ni ọ̀gá ìpolówó, ọmọ àgbà tíṣà kan láti Èkìtì tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Omole, tí èdè rẹ̀ já geere, tí bàtà rẹ̀ ń dán bí ojú dígí. Kò bi àwọn onímọ̀. Ó ní kí wọ́n lọ èèpo, kí wọ́n rọ ọ́ sínú kápúsù, kí wọ́n kó kápúsù sínú ìgò, ó sì sọ ọ́ ní Ogbó-Ò-Dé. Ohun tó kù ni fọ́tò ẹni tí ogbó kò dé bá.

Ó wọ ibi tí wọ́n ti ń bó àlùbọ́sà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó ń wo ojú àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yan ìyá adìyẹ lọ́jà. Ó dúró lórí Uswat.

"Màmá, ẹ wo ibí. Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀."

"Ọ̀gá, ojú ń ta mí."

"Ẹ má nù ún. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló ṣe dáa."

Kò béèrè ọdún rẹ̀. Ó dé ọ́fíìsì rẹ̀, ó kọ àádọ́rùn-ún sí i. Ọ̀gá ní ó pọ̀ jù, pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún wo ló ń bó àlùbọ́sà? Wọ́n sọ ọ́ di ọgọ́rin. Rótìmí ní òǹkà tó bá pé géérégé máa ń dà bí irọ́, kí wọ́n fi mẹ́ta lé e, èyí tó bá ní ìrù ló ń jọ òótọ́. Báyìí ni ọkùnrin méjì tí wọn kò gbàwẹ̀, tí wọn kò gbàdúrà, ṣe fi ọdún mẹ́tàdínlógójì kún ọjọ́ orí ọmọlọ́mọ láàárín ìgbà tí èèyàn fi lè mu kóòkì kan tán.

Láídé, tó jókòó ti Uswat lórí àpótí láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ló kọ́kọ́ mú ìgò náà wá.

"Uswat! Wá wo ara rẹ!"

Uswat gba ìgò, ó gbé e jìnnà, ó gbé e súnmọ́. "Ta ni arúgbó yìí?"

"Ìwọ ni."

"Èmi kọ́."

"Ìwọ ni jàre. Ìborùn mi tí o yá tí o kò dá padà nìyẹn lórí rẹ."

Uswat fi ọwọ́ kan ìborùn náà lára ìgò. Ó ní omi ojú kò jẹ́ kí òun rí i kà, kí Láídé bá òun ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Láídé na ọrùn, ó kà á sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́: "Màmá Uswat, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Wọ́n ṣì ń bó àpò àlùbọ́sà mẹ́wàá lóòjọ́. Àṣírí wọn ni Ogbó-Ò-Dé."

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, kò sì sẹ́ni tó lè sọ èwo ni ti ẹ̀rín, èwo ni ti àlùbọ́sà. Láídé kúnlẹ̀ wìì. "Ẹ kú àgbà mà. Ẹ ti ju ìyá tó bí ìyá mi lọ. Ẹ dákun, báwo lẹ ṣe ṣe é láyé ọjọ́un tí kò sí mágì?"

Uswat náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kò pẹ́. Láàárín oṣù kan, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń pè é ní àǹtí ládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ní mọ́sáláṣí, wọ́n gbé àga wá fún un kó máa jókòó kírun. Nùréènì káfíńtà, tó ti ń bá a ra búrẹ́dì Agége gbígbóná ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti ọdún tó kọjá, tí gbogbo ojúlé sì mọ ohun tí búrẹ́dì ọ̀hún ń sọ, dúró sí ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó wo ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo Uswat, ó ní, "Ẹ ṣàdúrà fún mi, ìyá mi." Láti ọjọ́ náà, kò mú búrẹ́dì wá mọ́.

Ìyẹn náà, Uswat lè fara dà á. Obìnrin tó dúró de òwú fún ọdún mọ́kàndínlógún kò ní í kú torí búrẹ́dì. Ohun tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ni kò ṣe é gbé mì.

Àwọn òyìnbó kan fẹ́ máa ra Ogbó-Ò-Dé. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kì í rajà níbi tí òṣìṣẹ́ bá ti jẹ́ kásúà. Ni ọ̀gá bá sáré pàṣẹ pé kí wọ́n sọ gbogbo ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́wàá, tí kò sì tíì pé àádọ́ta ọdún, di òṣìṣẹ́ gidi kó tó di òpin oṣù. Wọ́n lẹ ìwé orúkọ mọ́ géètì. Láídé wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó wọlé lẹ́yìn Uswat, tí Uswat kọ́ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀bẹ mú, wà níbẹ̀. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó tún kà á láti ilẹ̀ dé òkè. Ó wá gba ọ́fíìsì Màdáámù Stella lọ.

Kí ìgò tó dé, "ìwọ yìí" ni Màdáámù Stella máa ń pè é. Lọ́jọ́ yìí, ó dìde fún un níwájú Shuaib tó sìn ín wá láti géètì.

"Ẹ jókòó, Màmá. Ẹ rọra o. Shuaib, bá mi di Màmá mú kí wọ́n má fẹsẹ̀ kọ."

"Mi ò ní í fẹsẹ̀ kọ mà. Orúkọ mi ni mi ò rí lára géètì."

"Àwọn tí kò tíì pé àádọ́ta ni, Màmá."

"Mi ò tíì pé àádọ́ta mà. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí."

Màdáámù Stella yí ìgò tó wà lórí tábìlì kọjú sí i. "Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni mo rí níbí."

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ mà!"

"Èmi kọ́. Àwọn oníìpolówó ni. Ẹ̀ka tiwa yàtọ̀."

"Ṣùgbọ́n ẹ̀ ń rí mi lójoojúmọ́ mà. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé ibí lẹ ti ń rí mi."

"Mò ń rí yín," ni Màdáámù Stella wí, ohùn rẹ̀ sì tutù bí ti nọ́ọ̀sì. "Ìyẹn ló jẹ́ kí n gba ohun tí wọ́n kọ gbọ́."

Màdáámù tẹ̀síwájú. "Màmá, ẹ jẹ́ ká ronú. Bí mo bá kọ ọ́ pé mẹ́rìndínláàádọ́ta ni yín, a jẹ́ pé irọ́ wà lára ìgò. Bí irọ́ bá wà lára ìgò, àwọn òyìnbó á sá. Bí wọ́n bá sá, a ò sọ ẹnikẹ́ni di òṣìṣẹ́ gidi mọ́. Ṣé ẹ fẹ́ kí Láídé àti àwọn tó kù jìyà torí yín? Ní ọjọ́ orí yín?"

Uswat tú kókó etí ìró rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde tó ti ká sí ọ̀nà mẹ́jọ, ìwé ìbúra ọjọ́ orí tó lọ ṣe ní kóòtù ní Ìkẹjà lọ́dún tó dé Èkó. Màdáámù Stella kò tiẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ jáde. Ìwé ìbúra kún inú rẹ̀ dé etí.

"Ẹ wo ti Shuaib yìí. Ó búra níwájú òfin pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lòun. Àkọ́bí rẹ̀ ti pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Mo tètè gbọ́n ni mà," ni Shuaib wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sẹ́ni tí kì í bu díẹ̀ kúrò ní Èkó yìí, Màmá. Èmi náà, Ọlọ́run á foríjì mí. Ẹni tó bá bu ọdún márùn-ún, a ó gbà á. Ẹni tó bá bu mẹ́wàá, a ó rẹ́rìn-ín, a ó gbà á. Ẹ̀yin bu mẹ́tàdínlógójì! Agbábọ́ọ̀lù kankan kò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò."

Àṣìṣe Uswat nìyẹn. Lọ́dún tó lọ búra, akọ̀wé kóòtù bi í pé mélòó ni kí òun yọ, ó ní kó má yọ ìkankan. Akọ̀wé náà gbójú sókè, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ wá wò ó. Nínú gbogbo Ìkẹjà, láti ilé ìjọba dé ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ṣoṣo ni ìwé ìbúra rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lójú ẹni tó mọ Èkó, ìwé ìbúra tí wọn kò bu nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀ kì í jọ òótọ́.

Màdáámù Stella ti dúrọ́ọ̀ padà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kí n sọ ohun tí mo lè ṣe fún yín. Ẹ mú ẹni tó bí yín wá. Bó bá dúró níwájú mi, tó sọ ọdún tó bí yín, èmi fúnra mi á fi bírò kọ orúkọ yín. Ọjọ́bọ̀ la ó pa ìwé náà dé. Ní Ọjọ́rú, gbogbo wa á wà ní gbọ̀ngàn kan ní Aláúsá tí wọ́n ti fẹ́ fi Ogbó-Ò-Dé han àwọn òyìnbó. Ẹ mú wọn wá síbẹ̀." Ó kọjú sí Shuaib. "Bí wọ́n bá tiẹ̀ ní láti hú wọn jáde nínú sàréè, kí wọ́n hú wọn."

Shuaib rẹ́rìn-ín. Uswat dúpẹ́. Ó dúpẹ́ tọkàntọkàn, nítorí pé ìyá rẹ̀ wà láàyè, kò sì ṣòro bá sọ̀rọ̀, ó ní fóònù.

Àníkẹ́ ni wọ́n ń pe ìyá náà. Ẹni ọdún méjìdínlógún ló fi bí Uswat, ó ti pé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, oko káṣú ló ní ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú àpò gààrí lórí, ọrùn rẹ̀ gún, eyín rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa á. Ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn lọ sílé gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣé. Ẹ bá mi di Màmá mú dáadáa lẹ́yìn o, kòtò pọ̀ lọ́nà." Uswat ló ń pè ní Màmá. Àníkẹ́ bú sẹ́rìn-ín, ó ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi kọjá rélùwéè. Ìgbà tí wọ́n délé, tó fa ọwọ́ ọmọ rẹ̀ kó lè bá a gbé gààrí, ni ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó bu omi. Ó fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ náà, ó fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra á. Awọ ń bọ́ sínú omi, àwọ̀ idẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò kúrò.

"Kí ni wọ́n ń fi ọ́ ṣe níbi tí o ń lọ yẹn, Uswat?"

"Kápúsù ni wọ́n ń fi mí ṣe, ìyá mi."

Ní Ọjọ́rú, gbọ̀ngàn Aláúsá kún. Òyìnbó mẹ́ta jókòó níwájú, wọ́n ń làágùn. Àwọn ìyàwó ọlọ́lá tó ń gbé Omole kún ẹ̀yìn wọn, òórùn ìpara wọn nìkan tó láti fi pa ẹ̀fọn Agége fún odidi oṣù kan. Màdáámù Stella wà ní ìlà àga kejì pẹ̀lú ìwé búlúù lórí itan. Uswat fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ bá a.

"Mo ti mú wọn wá mà. Ìyá mi rèé."

Màdáámù Stella wo Àníkẹ́ láti òkè délẹ̀. Ó wo Uswat. Ó tún wo Àníkẹ́. "Èyí? Màmá, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é kó jọra. Èyí ò ju àbúrò yín lọ."

"Èmi ni mo bí i," ni Àníkẹ́ wí. "Ọdún tí òjò wó ilé ìdáná wa ni. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta rèé."

"Ẹ ṣé, Àǹtí. Iye tí wọ́n fi gbé yín wá, kí wọ́n fi ra oògùn fún Màmá."

Rótìmí ti wà lẹ́yìn wọn, ó ti gbọ́. Ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ẹni tó rí ọmọ olówó tó ṣìnà. Ó ní kí Uswat lọ mú omi lẹ́yìn ibẹ̀, wọ́n máa tó pè é sórí pèpéle. Nígbà tí Uswat fi máa padà, ó rí i tó ń sọ̀rọ̀ sí etí ìyá rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí ó ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ìwé búlúù, tí ìyá rẹ̀ ń mi orí pé rárá, tó sì wá tẹ orí ba bí ẹni tó ti gbà.

Wọ́n gbé àwọn méjèèjì lọ sórí pèpéle. Wọ́n fi Uswat jókòó sórí àga ńlá. Rótìmí gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì, Màmá tẹ́ ẹ rí lára ìgò nìyí! Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan ní, "Òótọ́ ni o, wọ́n ti dàgbà."

"Ṣùgbọ́n Màmá ò dá wá o. Ọmọ wọn ló tẹ̀ lé wọn yìí, òun náà ń lo Ogbó-Ò-Dé. Ẹ máa wò ó. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta!"

Ilé dàrú. Àwọn ìyàwó ọlọ́lá dìde lórí àga. Ọ̀kan ké sókè pé, "Jésù! Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé àádọ́ta, ó lè pè mí ní ẹ̀gbọ́n!" Òyìnbó kan ń kọ nǹkan sílẹ̀. Àwọn kan ti ń na ọwọ́ sí ìgò.

"Ọmọ Yorùbá sì ni wá," ni Rótìmí wí. "Ọmọ kì í dé iwájú ìyá rẹ̀ kó dúró ṣánṣán. Àǹtí, ẹ kúnlẹ̀ kí Màmá yín, kí àwọn àlejò wa rí i bí orúnkún yín ṣe ń tẹ̀ wẹ́rẹ́."

Uswat rò pé àwàdà ni. Ó rí i pé ìyá rẹ̀ ń ṣa ìró jọ láàárín ẹsẹ̀.

"Ìyá mi, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ," ni Àníkẹ́ wí jẹ́jẹ́, kò gbójú sókè. "Ó ní bí mo bá ti kúnlẹ̀ báyìí, obìnrin yẹn á kọ orúkọ rẹ. Orúnkún lásán ni, Uswat. Ilẹ̀ ni wọ́n dá a fún."

Uswat wo ìlà àga kejì. Màdáámù Stella ti ṣí ìwé búlúù. Ó ti yọ ìdérí bírò. Ó gbé e sókè díẹ̀ kí Uswat lè rí i, ó sì mi orí sí i, bí ẹni tó ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Bírò náà dúdú. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Uswat ti ń fojú inú wo àwọ̀ tó máa ní.

Orúnkún ìyá rẹ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọjọ́ tó bá ń rọbí rẹ̀ ni. Ẹni tó bá jẹ́ kó di ẹ̀ẹ̀mejì, kò sí omi tó lè fọ ọwọ́ rẹ̀.

Uswat já bọ́ láti orí àga ńlá bí àpò àlùbọ́sà tó já láti orí tírélà. Orúnkún tirẹ̀ ló kọ́kọ́ balẹ̀, ó dún gbì, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. Ó fi apá kan gbé ìyá rẹ̀ dúró. Ó fi ọwọ́ kejì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Rótìmí, ọwọ́ aláwọ̀ idẹ tó ń bó. Rótìmí rí ọwọ́ náà, ó sì tètè jọ̀wọ́ ohun tó dì mú kí ìdọ̀tí má baà kàn án.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Uswat wí láti orí ìkúnlẹ̀. "Uswat lorúkọ mi. Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni mí. Ẹni tó dúró yìí ló bí mi, kì í ṣe èmi ni mo bí wọn. Wọn ò lo kápúsù rí, káṣú ni wọ́n ń kó. Èmi náà ò lò ó rí, wọn kì í fún kásúà. Èmi ni mo bó èèpo tó wà nínú rẹ̀. Ogbó tẹ́ ẹ rí lójú mi, ní Oregun ni mo ti rí i, ibi iṣẹ́ ló ti bá mi."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè kí wọ́n lè rí i. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ní ìlà àga kejì, Màdáámù Stella dé ìdérí bírò padà, ó pa ìwé búlúù dé, ó gbé àpamọ́wọ́ rẹ̀ lé e lórí. Uswat rí i. Ó rí gbogbo rẹ̀.

Ìyàwó ọlọ́lá tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ pé àádọ́ta ṣì di ìgò mú. Ó yí i, ó ń ka ohun tó wà lára rẹ̀, inú ń bí i bí ẹni tí wọ́n já kulẹ̀.

"Ẹ dúró ná. Ohun tí wọ́n kọ síbí, pé ẹ̀ ń bó àpò mẹ́wàá lóòjọ́, ìyẹn náà, irọ́ ni?"

"Irọ́ ni mà," ni Uswat wí. "Mẹ́rìnlá ni."